Orí Keje: Ìṣẹ́jú Kan Tí Wọ́n Fi Dákẹ́ fún Wa

Ọjọ́ kẹtàdínlógún tí ogun ti kó wa ni mo kú. Ẹ̀gẹ́ sísun ni mò ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn ikú mi dé, mi ò sì jù ú nù. Mo jẹ ẹ́ tán, mo nu ọwọ́ mi mọ́ ṣòkòtò. Ebi kì í mọ̀ pé ẹni tí òun ń pa ti di olóògbé.

Ogun ni mò ń pè é, ẹ má dá mi lẹ́kun. Àwọn ará Àbújá ní orúkọ mìíràn fún un, orúkọ tó gùn tó sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá bàbá mi bá ń sọ ìtàn ogun fún wa ní Ìjù-Odò, ohun tó máa ń sọ ni pé àwọn kan yọ látinú igbó, wọ́n yìnbọn, wọ́n kó èèyàn, wọ́n fi okùn dè wọ́n, wọ́n sì dà wọ́n lọ bí ẹran síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ohun tí ojú tèmi rí gan-an nìyẹn. Bí kì í bá ṣe ogun, kí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ wá sọ ọ́ fún mi.

Èmi Lucas Akínsúyì, iṣẹ́ ẹyìn kíkọ ni mò ń ṣe. Baba Benedict ló kọ́ mi. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí bàbá náà ti ń gun ọ̀pẹ, àgbà ìjọ sì ni nínú ìjọ Aládùúrà wa, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ń gbàdúrà, àwọn ọmọdé á sùn lọ, wọ́n á jí, á ṣì máa gbà á lọ. Ìdí ọ̀pẹ la wà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìjà ọ̀hún kò pẹ́ tó kí itọ́ gbẹ nílẹ̀. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀mejì, ọdẹ tó ń ṣọ́ wa sá lọ, mi ò bá a wí, àwọn ọkùnrin mẹ́fà sì ká wa mọ́. Igbà Baba Benedict, okùn tó fi ń gun ọ̀pẹ, òun ni wọ́n fi so èmi àti òun pọ̀ lọ́wọ́. Okùn tó ti gbé e ró láti ìgbà èwe rẹ̀ ló di ìdè rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi kó wa kò fara sin. Àwọn ọdẹ Ìjù-Odò ti mú ọ̀kan nínú wọn ní oṣù tó ṣáájú, ó sì wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n fẹ́ gbà á padà. Ẹni méjì fún ẹnì kan: bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń pààrọ̀ ẹrú ogun náà nìyẹn.

Wọ́n ń kó wa kiri. Bí a bá sùn níbì kan fún òru méjì, a ó tún dìde. A la odò kọjá, a gba inú irà, a rìn lábẹ́ igi tí oòrùn kì í wọ. Ní ọjọ́ kẹfà, kùkùté kan gún Baba Benedict lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹwàá, mi ò bẹ̀rù mọ́, mi ò sì retí nǹkan kan. Inú mi kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé fún wákàtí kan. Mò ń rí i, mo mọ̀ pé tèmi ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gún un ní abẹ́rẹ́, mi ò ní mọ̀. Mi ò ronú nípa Salome ìyàwó mi. Mi ò ronú nípa Jésùtómi ọmọ wa. Ẹ má bínú, òtítọ́ ni mò ń sọ.

Ọ̀gá wọn, Kọ́máńdà ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kejì rẹ̀ ló máa ń gbé rédíò kékeré kan kọ́ ọrùn, torí náà àwa fúnra wa sọ ọ́ ní Onírédíò. Èdè Ìkálẹ̀ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà gbọ́. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, Onírédíò ṣí rédíò, ìròyìn Yorùbá bẹ̀rẹ̀, a sì gbọ́ tí wọ́n dárúkọ Ìjù-Odò.

Ara Baba Benedict ta kìjí. "Lucas, ìlú wa."

Ọ́nárébù Ọláìtán ni, aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá. Ẹgbẹ́ alátakò ló wà, ohùn rẹ̀ sì le. Òyìnbó ló fi sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún un sọ ní Yorùbá fún àwọn oníròyìn, èyí tí wọ́n ń gbé jáde nìyẹn.

"Ààrẹ wa fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn," ni ó wí. "Ó ní orílẹ̀-èdè ńlá gbọ́dọ̀ ní gbọ̀ngàn ńlá tí yóò ti máa gba àlejò. Ó dáa. Mi ò bá gbọ̀ngàn jà. Ṣùgbọ́n àgọ́ ẹ̀ṣọ́ igbó kan wà lẹ́bàá Ìjù-Odò, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ní, ọkọ̀ náà kò sì rí epo mu láti oṣù karùn-ún. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá kó àwọn èèyàn mi, àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn gbọ́ ìró ìbọn. Wọ́n gbọ́ o! Kí ni kí wọ́n fi lé wọn? Ẹsẹ̀? Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ààrẹ, ẹ̀tẹ̀ rèé! Ẹ gbé gbọ̀ngàn tì ná, kí àwọn tó máa jókòó sínú rẹ̀ lè wà láàyè."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi létí. Mo kúkú mọ àgọ́ yẹn, mo mọ ọkọ̀ yẹn. Adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ ohun tí mo mọ̀ lórí rédíò. Baba Benedict gbé ọwọ́ tó kù tí okùn ò dè sókè, ó ní, "Olúwa, fún un ní ohùn sí i."

Ọ́nárébù sì ní ohùn sí i. Ó ní, "Mo bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kí wọ́n dìde, kí a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, fún olóògbé Lucas Akínsúyì àti olóògbé Benedict Ọlọ́runfẹ́mi, tí wọ́n pa sínú igbó nítorí pé epo ọkọ̀ kò sí."

Rédíò dákẹ́ ní tòótọ́. Onírédíò gbá a ní ìdí lẹ́ẹ̀mejì, ó rò pé bátìrì ti tán. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Kọ́máńdà gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó yí ojú sí wa, ó wò wá láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ra iṣu tó wá rí i pé ó ti rà.

Wọ́n pe ìgbìmọ̀ wọn síbẹ̀, níwájú wa, bí ẹni pé a ò sí. Ọ̀kan ní kí wọ́n pa wá. Ó ní ìjọba ti sin wá, kò sí ẹni tó máa bèèrè. Òmíràn ní ọta ìbọn wọ́n ju ìyẹn lọ, kí wọ́n fi wá sílẹ̀ kí ẹranko parí rẹ̀. Kọ́máńdà ní, "Òkú kọ́ ni mo kó. Ta ni yóò fi alààyè gba òkú padà lọ́wọ́ mi?" Mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló wà lọ́kàn mi, mi ò ní lè dá yín lóhùn. Èèrà kan ń gbé èérún ẹ̀gẹ́ mi lọ, òun ni mò ń wò.

Nígbà tó yá, Kọ́máńdà wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní, "Ọ̀kan nínú yín á lọ. Kí ọ̀gá yín yẹn sọ ọ́ lórí rédíò kan náà, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀, pé ẹ ò tíì kú. Bó bá sọ ọ́, á jẹ́ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí a lè bá sọ̀rọ̀. Bí oòrùn Ọjọ́rú bá wọ̀ tí a ò gbọ́, ẹni tó kù níbí, ohun tó sọ nípa rẹ̀ á ṣẹ."

Kò sí ẹni tó ní láti ṣẹ́ kèké. Ẹsẹ̀ Baba Benedict ti tó ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ìwọ lọ," ló wí.

"Baba, mi ò lè fi yín sílẹ̀."

"Ìwọ tí o lẹ́sẹ̀ lo ń sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé kí èmi máa fi orí rìn lọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín o, nínú igbó yẹn. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ mi lé igbà. "Búra fún mi. Bí o bá ti tẹ ilẹ̀ Ìjù-Odò, o ò ní mu omi, o ò ní kí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ìyàwó rẹ, títí wàá fi sọ fún Mildred ìyàwó mi pé mo wà láàyè. Sọ fún un pé igbà tuntun mi tó wà lókè àjà, níbi tí èéfín ẹ̀gẹ́ tí à ń yan fún pupuru ti ń fẹ́ sí i, kó má fún ẹnikẹ́ni. Mo ń bọ̀ wá lò ó."

Mo búra. Igbà kì í ṣe Bíbélì, ṣùgbọ́n ẹ̀mí bàbá náà ti wà lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ogójì ọdún, mi ò rí ohun tó tún lè wúwo jù ú lọ láti fi búra. Ó wá sọ oríkì ilé wọn fún mi, ó ní kí n máa wí i lọ́nà kí oorun má baà gbé mi lulẹ̀: ọmọ a-gun-ọ̀pẹ-má-wolẹ̀, ọmọ ẹlẹ́yìn pupa tí í ta epo sílẹ̀ fún èrò ọ̀nà.

Mo rìn ní Ọjọ́ Ẹtì, mo rìn ní Àbámẹ́ta. Àárọ̀ Àìkú ni mo dé Ìjù-Odò, mo sì gbọ́ agogo ìjọ, mo gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wà nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, bí a ṣe máa ń ṣe. Èmi náà kò kúkú ní bàtà. Ìgbà tí mo yọ lẹ́nu ọ̀nà, orin dá. Ẹnì kan kígbe "Jésù!", ìlà ẹ̀yìn sì fọ́nká, àwọn tó ń kọrin àjíǹde lẹ́ẹ̀kan ló ń gba ojú fèrèsé jáde.

Obìnrin méjì ni kò sá. Wọ́n jókòó lórí ẹní lórí ilẹ̀ àánú, ibi tí àwọn tó ń tọrọ àánú Olúwa máa ń sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn méjèèjì fárí. Salome dìde, ó sáré wá, ó dì mọ́ mi. Mo gbọ́ tí àyà rẹ̀ ń lù. Mo bọ́ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rùn mi. Kò sí ohun tí mo ṣe láyé yìí tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Mo kọjá rẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú ẹnì kejì.

"Màmá Mildred, ó wà láàyè. Ó ní kí ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní igbà tuntun òun."

Màmá Mildred kò sunkún. Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ fún? Ta ló tún lè gùn ún?" Ó wá bu omi fún mi.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ bí mo ṣe kú. Lẹ́yìn tí wọ́n kó wa, Wòlíì Adébọ́lá, wòlíì ìjọ wa, ríran pé kí àwọn obìnrin méjèèjì fi ògo orí wọn jẹ́ ẹ̀jẹ́ kí ọkọ wọn lè padà bọ̀. Wọ́n fá irun, wọ́n sì dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ àánú. Ọ́nárébù rán Olúmidé, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Àyèká tó ń bá a kọ̀wé, kó wá ṣe ìwádìí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni Olúmidé. Ó dé, ó rí obìnrin méjì tí wọ́n fárí tí wọ́n jókòó sílẹ̀, gbogbo ìjọ sì rọra ń sọ̀rọ̀ yí wọn ká. Nílẹ̀ wa, opó ló ń fárí. Ta ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ níwájú opó, tí yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ yín ti kú lóòótọ́?" Èèyàn tí kò lẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló lè bi irú rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó ní Ọlọ́run á tù wọ́n nínú, wọ́n ní àmín. Ó padà sí Àbújá, ó sì kọ orúkọ wa sábẹ́ àwọn olóògbé. Ẹ̀kọ́ ilé ló pa mí.

Wòlíì ránṣẹ́ sí Ọ́nárébù, ọ̀sán Ajé ni òun fúnra rẹ̀ dé. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé sínú yàrá tí àwọn àgbà ìjọ ti ń pàdé. A ò pọ̀: òun, Olúmidé, Wòlíì, èmi, àwọn obìnrin méjèèjì. Mo ti ń retí kó jẹ́ aláfojúdi kí n lè kórìíra rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Mildred, ó sì dì mí mú fún ìgbà pípẹ́. Olúmidé ń sunkún bí ọmọ kékeré. Salome ló tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó fọwọ́ pa orí ara rẹ̀ tó ń dán, ó ní, "Ìwọ náà wo orí yìí, ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀?"

Mo jíṣẹ́ Kọ́máńdà. Ọ́nárébù gbọ́ ọ láìjá mi lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ìmọ̀ ogun tirẹ̀ sílẹ̀ fún wa, bí balógun ṣe ń fi igi ya ọ̀nà sórí iyẹ̀pẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀ la máa dìbò lórí gbọ̀ngàn Ààrẹ," ló wí. "Kí n tó sọ̀rọ̀, a ò ní ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀ lọ. Láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ààrẹ fúnra wọn ń wá bá mi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn òkú Ìjù-Odò kò jẹ́ kí àwọn sùn. Bí a bá dá gbọ̀ngàn yẹn dúró, ohun tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọ á lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ igbó. Kì í ṣe ti Ìjù-Odò nìkan. Ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọkọ̀, epo, ohun ìbánisọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde ní Ọjọ́rú tí mo ní àwọn òkú mi ò kú, ó parí. Wọ́n á ní bí mo ṣe purọ́ ìyẹn ni mo purọ́ ìyókù."

"Ẹ fẹ́ kí n ṣì kú títí di Ọjọ́bọ̀," ni mo wí.

"Bàbá Jésùtómi, ọjọ́ mẹ́ta péré."

"Èmi lè kú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n Baba Benedict, oòrùn Ọjọ́rú ni tirẹ̀."

Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé òótọ́ ni Ọ́nárébù ń sọ. Mo ro ti gbogbo àwọn tó wà nínú igbó káàkiri, tí wọ́n so lókùn bí wọ́n ṣe so wá, tí ọkọ̀ kan ìbá lè bá wọn. Mo gbé wọn ka orí ìwọ̀n kan, mo gbé bàbá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ka orí ìkejì. Mi ò mọ èwo ló wúwo. Orí mi ṣófo. Wòlíì pàápàá kò rí ìran kankan.

Màmá Mildred ló sọ̀rọ̀. "Ọ́nárébù, ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ṣé ọkọ mi kú ni, àbí kò kú?"

"Kò tíì kú, Màmá, ṣùgbọ́n..."

"Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́."

"Màmá, ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀."

"Mo mọ̀. Èmi kọ́ ni mo jù ú sílẹ̀. Ẹ ní Ààrẹ kò mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe?"

Mo ti rí ọkùnrin tí ìbọn bà. Mi ò tíì rí èyí tí ọ̀rọ̀ bà bẹ́ẹ̀ rí. Ọ́nárébù wo fìlà ọwọ́ rẹ̀, ó ń yí i, ó ń yí i. Nígbà tó dìde, ó ní, "Mo gbọ́, Màmá," ó sì jáde. Ó gbàgbé bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Olúmidé ló sáré padà wá mú un.

Ọjọ́rú, aago mẹ́rin, gbogbo ìjọ jókòó yí rédíò Wòlíì ká. Ọkùnrin náà ṣe é. Ó dìde ní ilé ìgbìmọ̀, ó ní òun ṣe àṣìṣe, ó ní Lucas Akínsúyì wà nílé, Benedict Ọlọ́runfẹ́mi sì wà láàyè nínú igbó, kí ìjọba yára wá ọ̀nà láti gbà á. A gbọ́ ẹ̀rín. Ẹnì kan nínú wọn kígbe, "Lásárù! Lásárù ti jí!" Ẹ̀rín náà sì gbilẹ̀ débi pé alága ń fi òòlù lu tábìlì. Ọ́nárébù dúró láàárín ẹ̀rín náà, ó tún orúkọ bàbá náà pè lẹ́ẹ̀kejì. Oòrùn ṣì wà lókè, gbangba. Mo jáde síta láti fojú rí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n dìbò, gbọ̀ngàn Ààrẹ sì wọlé wẹ́rẹ́. Mi ò gbọ́ èsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ọdẹ rí Baba Benedict. Ìdí ọ̀pẹ kan ní ààlà oko wa ló wà, ó fẹ̀yìn tì í. Ẹnì kan ti fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ojú ìbọn lára rẹ̀, ẹsẹ̀ náà ló pa á. Wọ́n ti tú igbà ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ká a jọ, wọ́n gbé e lé e nítan. Rédíò kékeré ọjọ́sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n ń polówó.

Bóyá Kọ́máńdà mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ ni, bóyá bàbá náà ti wúwo jù fún wọn láti máa gbé, mi ò mọ̀. Ẹni tí wọ́n ń bèèrè ṣì wà ní àtìmọ́lé títí dòní. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, ṣé ó gbọ́? Ní aago mẹ́rin Ọjọ́rú, ṣé etí rẹ̀ ṣì ṣí nígbà tí wọ́n pè é ní alààyè? Mo ti bi gbogbo ọdẹ tó gbé e. Wọ́n ní òkú kì í fi irú ìyẹn hàn lójú.

Ọjọ́ Ẹtì la sin ín. Ọ́nárébù wá, láìsí ọkọ̀ ọlọ́pàá, láìsí oníròyìn, ó dúró sí ẹ̀yìn pátápátá láìwọ bàtà. Kò sí ẹni tó bú u, kò sì sí ẹni tó kí i ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n ti gbé pósí dé ẹnu kòtò, Wòlíì Adébọ́lá sì gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jẹ́ kí a dúró, kí a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan fún bàbá wa."

"Rárá."

Màmá Mildred ni. Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́. "Wọ́n ti dákẹ́ fún un. Ìgbà tó wà láàyè, tó ń retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n dákẹ́ fún un. Ó tó. Ẹ má dákẹ́ fún ọkọ mi mọ́. Ẹni tó bá lẹ́nu, kó sọ̀rọ̀."

Igbà tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, òórùn èéfín ṣì wà lára rẹ̀. Ó mú un, ó fi kọ́ mi léjìká.

Mo la ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wa, omi kò bọ́ lójú mi rí. Salome di ọwọ́ mi mú. Mo tún la ẹnu.

"Benedict!" ni mo wí. "Ọmọ a-gun-ọ̀pẹ-má-wolẹ̀! Ọmọ ẹlẹ́yìn pupa tí í ta epo sílẹ̀ fún èrò ọ̀nà! Ó gùn ún láàárọ̀, ìrì ò yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀! Ó gùn ún lọ́sàn-án, oòrùn yà fún un!"

Ibẹ̀ ni ara mi ti jí. Bó ṣe ń jí ló ń dùn mí, ó ń dùn mí kárakára, bí ẹsẹ̀ tó kú tí ẹ̀jẹ̀ padà sínú rẹ̀, mo sì bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n mi ò dákẹ́. Àwọn ìyókù gbà á lẹ́nu mi, Wòlíì, àwọn ọdẹ, àwọn obìnrin, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tó mọ̀ nípa bàbá náà. Mo gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn tó ga ju gbogbo ohùn lọ, ohùn tí mo ti gbọ́ lórí rédíò nínú igbó. Orúkọ nìkan ló ń pè, kò mọ oríkì.

A pè é títí ohùn wa fi há. Lẹ́yìn náà la tó gbé e sílẹ̀.